Bí ẹ̀fọn bá gbé àìsàn sínú, kí ló dé tí àìsàn ọ̀hún kì í pa ẹ̀fọn?

Aláṣọ_Tákíè

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí ní ìbéèrè kan lánàá tí mi ò rí dáhùn. Mo ní kí n gbé e wá síbí.

Mo rán an lọ bu omi nínú àmù ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí mo yọjú, mo bá a tó bu omi sínú ìgò, ó gbé e síwájú oòrùn, ó ń tẹjú mọ́ ọn. Tanwíji ló kún inú ẹ̀. Wọ́n á ká kò, wọ́n á nà, wọ́n á tún gòkè wá fi ìdí kan ojú omi, orí wọn á wà nísàlẹ̀. Mo ní àwọn nìyẹn tó ń di ẹ̀fọn tó ń kó àìsàn ran èèyàn. Ọmọ wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ̀fọn tó gbé àìsàn sínú, kí ló dé tí òun fúnra ẹ̀ kì í ṣàìsàn?"

Mo ní kó lọ wẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo dùbúlẹ̀ lóru, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ibà pọ́njú (yellow fever) ń pa géńdé ọkùnrin. Ẹ̀fọn tí èèyàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pa, òun á gbé kòkòrò kan náà sínú, á tún fò lọ. Ẹni tó bá mọ ìdí ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀ kí n rí nǹkan sọ fún ọmọ.

Ajílété_Gidi

Ẹ kú ọmọ títọ́, Màmá. Lójú tèmi, ẹ̀fọn kàn ń gbé e kiri ni, bí ọ̀kadà ṣe ń gbé èrò láti Tákíè lọ sí Sábó. Kò sí ohun tó kan ọ̀kadà nínú ẹrù tí èrò gbé dání.

Oníláàbù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe nílùú yìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn sì wà lára ohun tí mo kọ́ nílé ìwé, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Ìbéèrè ọmọ yín kì í ṣe ìbéèrè ọmọdé rárá.

Ajílété, kò rí bíi ti ọ̀kadà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀fọn tó fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn láàárọ̀ ì bá ti kó o ran ẹlòmíì kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀fọn fà, inú ìfun ló ń lọ. Fáírọ́ọ̀sì, ìyẹn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àìsàn, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ráyè wọ sẹ́ẹ̀lì ìfun, kó bí sí i níbẹ̀, kó já bọ́ sínú omi ara ẹ̀fọn, kó wá rìn dé ibi tí itọ́ ti ń sun. Ìgbà tó bá dé inú itọ́ ni ẹ̀fọn tó lè fi ran èèyàn. Ní ti dengue, ibà kan tí ẹ̀fọn ń kó ran èèyàn, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní ìrìn yẹn ń gbà tó ọjọ́ 8 sí 12 bí ojú ọjọ́ bá wà láàárín ìwọ̀n 25 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, ìjà ni wọ́n ń jà nínú ara kòkòrò bíńtín yẹn. Fáírọ́ọ̀sì tí kò lè kọjá ìfun pọ̀ ju èyí tó ń kọjá lọ.

Ẹ jẹ́ ká ya ẹ̀fọn sọ́tọ̀ ná, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Anopheles ni ẹ̀fọn òru tó ń gbé ibà lásán tí gbogbo wa mọ̀, kòkòrò inú ẹ̀ kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Èyí tó fẹ́ràn àmù, dúrọ́ọ̀mù àti táyà ni Aedes aegypti. Ọ̀sán ló ń jẹni. Bí ẹ bá gbá a pa sára, ẹ wo ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa kí ẹ tó nù ún dànù: ẹ máa rí àmì funfun roboto-roboto tó tẹ̀ léra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú, dengue, Zika àti chikungunya. Abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin tó fẹ́ yé.

Ó wá kan ohun tí ẹ̀fọn fi ń jà. Ẹ̀yin aláṣọ ni, aṣọ ni mo máa fi ṣàlàyé. Àkọsílẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì fi ń bí ara ẹ̀, RNA ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wò ó bí aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gbọọrọ tí wọ́n ya iṣẹ́ sí lára. Ẹ̀fọn ní RNA tirẹ̀, awẹ́ kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí fáírọ́ọ̀sì bá ń da ara ẹ̀ kọ, tirẹ̀ á di awẹ́ méjì gígùn tó dojú kọ ara wọn, bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ po. Ara ẹ̀fọn mọ̀ pé irú aṣọ ìṣẹ́po bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti inú ilé. Púrótéènì kan tó ń jẹ́ Dicer-2 á mú àlùmọ́gàjí, á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ lẹ́tà RNA 21.

Kò parí síbẹ̀. Púrótéènì kejì, Argonaute-2, á mú ọ̀kan nínú ègé yẹn dání bí ẹni tó mú sáńpù aṣọ ẹbí wá sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹ mọ bí oníbàárà ṣe ń ṣe: á na sáńpù sí aṣọ yìí, á ní kì í ṣe òun, á na sí tọ̀hún, títí á fi bá èyí tó bá a mu. Bí Argonaute ṣe ń wá a kiri inú sẹ́ẹ̀lì nìyẹn. RNA tó bá sáńpù mu, á gé e sí méjì lójú ẹsẹ̀, fáírọ́ọ̀sì ò lè lò ó mọ́.

Ara aràn kékeré kan ni Andrew Fire àti Craig Mello ti kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà yìí fáyé gbọ́ ní 1998. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí ní 2006. Ọwọ́ kòkòrò ló ti wà láti ayébáyé.

Aláṣọ_Tákíè

Olúwa ó fi kún ìmọ̀ yín. Sáńpù aṣọ ẹbí yẹn ló là mí lójú. Láàárọ̀ òní, obìnrin kan mú àjákù léèsì tí kò ju ìka méjì lọ wá, gbogbo ìpàǹpá la tú kó tó rí èyí tó bá a mu. Mo ti kà á fún ọmọ. Ó ní kí n bi yín: bí ẹ̀fọn bá ń gé e báyẹn, kí ló dé tí kò gé e tán?

Oníláàbù

Ẹ bá mi kí i gan-an ni. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Kò gé e tán torí pé fáírọ́ọ̀sì náà ò káwọ́ gbera. Ó ń yára bí ju bí àlùmọ́gàjí ṣe ń yára gé. Nínú dídàkọ yẹn, àṣìṣe ń wọ inú iṣẹ́ aṣọ, sáńpù àná ò sì ní bá tòní mu mọ́. Fáírọ́ọ̀sì dengue tún máa ń da àjákù RNA ara ẹ̀ sílẹ̀ káàkiri inú sẹ́ẹ̀lì, àjákù yẹn á máa dí àwọn agé-nǹkan lọ́wọ́. Nítorí náà, wọn ò ṣẹ́gun ara wọn. Ẹ̀fọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi tí kò fi lè pa òun, fáírọ́ọ̀sì sì ṣẹ́ kù débi tó fi dé inú itọ́. Bí wọ́n ṣe máa wà pa pọ̀ nìyẹn títí ẹ̀fọn á fi kú.

Bí a ṣe mọ̀ pé ìjà ló gba ẹ̀fọn là, tí kì í ṣe pé fáírọ́ọ̀sì yẹn ò le, ohun kan wà tí àwọn olùwádìí ṣe ní 2008. Wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sindbis, tí ẹ̀fọn ń gbé láìsí ìpalára tó ṣeé tọ́ka sí. Wọ́n ki jíìnì kan bọ̀ ọ́ lára, tó ń bo awẹ́ méjì yẹn kí Dicer má baà rí i gé. Wọ́n fi ran ẹ̀fọn. Fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún pọ̀ lápọ̀jù, ẹ̀fọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Fáírọ́ọ̀sì kan náà o, àlùmọ́gàjí nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀fọn.

Nítorí náà, ẹ sọ fún un pé àìsàn yẹn lè pa ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn ni kò gbà fún un.

Ajílété_Gidi

Mo gbà, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kó ọ̀rọ̀ ọ̀kadà mi kúrò ńlẹ̀. Ṣé àlùmọ́gàjí yẹn nìkan ló ní?

Oníláàbù

Rárá. Àwọn mìíràn wà tó dà bí agogo ìdágìrì, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Toll. Bó bá dún, ẹ̀fọn á pọn àwọn púrótéènì mìíràn jáde. Ní 2008 kan náà ni wọ́n fi hàn pé Toll ń dí dengue lọ́wọ́ nínú Aedes. Bakitéríà tó ń gbé ìfun ẹ̀fọn wà lára ohun tó ń mú kí agogo yẹn wà ní sẹpẹ́, torí nígbà tí wọ́n fi oògùn pa bakitéríà wọ̀nyẹn, ńṣe ni dengue pọ̀ sí i.

BàbáOlùkọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń kà á láti àná, ẹ kú làákàyè.

Ẹ dárúkọ ibà pọ́njú. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nílùú yìí. Ní 1987 ó jà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wa, ìgbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára wa. Ẹ̀fọn kan náà ni, Aedes aegypti, ibi omi tí a pọn sílé fúnra wa ló sì ti ń pọ̀ sí i. Mo ń kọ́ kíláàsì kẹrin nígbà náà. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó nítòsí fèrèsé wá sílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní orí ń fọ́ òun. Mo ní kó gbójú sókè. Funfun ojú ẹ̀ ti pọ́n bí èso ìyeyè. Mo gbé e sórí kẹ̀kẹ́ mi lọ sílé wọn. Kò padà wá. Títí sáà yẹn fi parí, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀.

Wọ́n wá kéde pé ká da omi àmù nù. A dà á nù. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, ẹ̀fọn tún kún ilé. Ó ti tó ogójì ọdún báyìí, mo ṣì ń bi ara mi: kí la ṣe tí kò tó?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Olúwa ó dẹ ilẹ̀ fún ọmọ náà.

Ẹ̀bi yín kọ́. Aedes kì í yé ẹyin sínú omi gangan. Ara àmù lápá inú, ní ìwọ̀nba òkè ibi tí omi dé, ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹyin yẹn dúdú, ó kéré, ojú lásán á pè é ní ìdọ̀tí. Ó lè gbẹ síbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kó má kú. Ọjọ́ tí omi bá tún kàn án, á pa. Ẹ da omi nù lóòótọ́, ẹyin ṣì wà lára àmù. Kànìnkànìn àti ọṣẹ ló yẹ kó tẹ̀ lé e, kí ẹ fọwọ́ kó ibi tó yí ọrùn àmù ká lára dáadáa, kí ẹ sì fi ìdérí tó há mọ́ ọn bò ó lẹ́yìn náà.

Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé nígbà mìíràn, ẹ̀fọn tó ní fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú máa ń tàtaré ẹ̀ sínú ẹyin. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ẹyin púpọ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

Onítáyà_Aroje

Ẹ kú àárọ̀ o. Fọkanáísà ni mí, èmi náà ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará àdúgbò máa ń bá mi jà pé táyà mi ló ń kó ẹ̀fọn bá wọn, mo sì rò pé wọ́n kàn kórìíra iṣẹ́ mi ni. Láàárọ̀ yìí mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo tàn án wo inú táyà ọkọ̀ àjàgbé kan tó ti wà níbẹ̀ látìgbà òjò. Omi inú ẹ̀ kò ju ife kan lọ. Tanwíji inú ẹ̀ ò lóǹkà. Mo ti da gbogbo ẹ̀ sórí yanrìn, mo ti to àwọn tó ṣeé tà sábẹ́ tapólì, èyí tí kò wúlò mo ti dá ihò sí i nísàlẹ̀ kí omi má dúró.

Ìbéèrè tèmi rèé, ẹ má bínú sí i: ẹ̀fọn tó bá jẹ ẹni tó ní HIV, tó wá jẹ mí, ṣé kò ní kó o ràn mí?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Bọ̀dá Onítáyà, ẹ ṣé gan-an fún iṣẹ́ àárọ̀ yẹn.

Rárá, ẹ̀fọn kì í kó HIV ran èèyàn. HIV ò ní ọ̀nà tó lè gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀fọn, nítorí náà kò tilẹ̀ dé ibi ìjà tí Oníláàbù ṣàlàyé. Inú ìfun ló máa dà sí bí oúnjẹ. Ohun kejì, ẹnu ẹ̀fọn ní ojú ọ̀nà méjì: ẹ̀jẹ̀ ń gba ọ̀kan wọlé, itọ́ ń gba èkejì jáde. Ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ kọ́ ló ń tú sí yín lára. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ajílété_Gidi

Ẹ̀gbọ́n Oníláàbù, mo ń rò ó. Bí ẹ̀fọn bá ń bá fáírọ́ọ̀sì jà, ìjà wa náà ló ń jà nìyẹn. Ṣé a ò lè kún un lọ́wọ́ kó gé e tán pátápátá, kí kankan má dé inú itọ́?

Oníláàbù

Wọ́n ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́. Bakitéríà kan wà, Wolbachia, tí Hertig àti Wolbach rí nínú ẹ̀fọn Culex ní 1924. Aedes aegypti kì í ní in tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ ọ́ lára eṣinṣin èso, wọ́n sì ṣe é títí tó fi dúró nínú Aedes. Ó ń bá fáírọ́ọ̀sì du ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń ta ìdáàbòbò ẹ̀fọn jí, dengue ò wá fi bẹ́ẹ̀ ráyè pọ̀. Ìyá ń fi í sínú ẹyin fún ọmọ, èyí ni kì í jẹ́ kó parun. Ní ìlú Yogyakarta ní Indonéṣíà, wọ́n tú irú ẹ̀fọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn àdúgbò kan, wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àbájáde tó jáde ní 2021 ni pé dengue fi ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù níbi tí wọ́n tú u sí. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀fọn náà ṣì ń jẹni o, kì í kàn ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀ ni.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un fún ọmọ yín, torí mo mọ̀ pé á béèrè. Ẹ̀fọn ń fi àjákù fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ pamọ́ sínú jíìnì ara ẹ̀, láti ìran dé ìran. Àjákù ń bẹ lára Aedes aegypti tí wọ́n fi hàn ní 2020 pé ó wúlò: ara ẹ̀ ni ẹ̀fọn ti ń rí àwọn ègé kéékèèké tó fi ń dí fáírọ́ọ̀sì tó jọ ọ́ lọ́wọ́ nínú ilé ẹyin. Nígbà tí wọ́n gé àjákù yẹn kúrò nínú jíìnì ẹ̀, fáírọ́ọ̀sì náà pọ̀ sí i níbẹ̀.

Aláṣọ_Tákíè

Ìyá mi tó ti re ibi àgbà ń rè ní àpótí onígi kan. Gbogbo aṣọ tó rán láyé ẹ̀, àdìrẹ, òfì, aṣọ ẹbí òkú bàbá ẹ̀, ó gé díẹ̀díẹ̀ lára wọn síbẹ̀. Èmi ló bọ́ sí lọ́wọ́. Ìgbà tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá aró tí wọ́n ń tà fún mi dára, inú ẹ̀ ni mo ń lọ. Mo gbé àpótí náà jáde lálẹ́ àná, mo fi han ọmọ, mo ní ẹ̀fọn náà ní irú ẹ̀.

BàbáOlùkọ́

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ohun tí o sọ nípa ara àmù. Mo dúpẹ́. Mo ti pe àwọn ọmọ-ọmọ mi, a ti fọ mẹ́ta, dúrọ́ọ̀mù ló kù.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Màmá, ẹ wo káàdì ọmọ yín o. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ti wà lára èyí tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà bí wọ́n bá pé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Ọkùnrin ará Gánà kan tó ń jẹ́ Asibi ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ní 1927, òun fúnra ẹ̀ sì yè é. Ìran fáírọ́ọ̀sì yẹn ni Max Theiler àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ tù lójú títí ó fi di abẹ́rẹ́ 17D ní 1937. Òun náà la ṣì ń gún fún ọmọ dòní.

Aláṣọ_Tákíè

Mo ti wo káàdì, ó gbà á. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjèèjì náà gbà á.

A fọ àmù náà láàárọ̀ yìí. Mo fi ìka fa ọrùn ẹ̀ lápá inú kí n tó fi kànìnkànìn kàn án, ó sì rí bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ: nǹkan dúdú kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn yíká, bí etu tí wọ́n bù wọ́n ọn. Ọdọọdún ni mo ń rí i, ìdọ̀tí ni mo ń pè é. Mo ra ìdérí tó há mọ́ ọn lọ́jà.

Tanwíji inú ìgò nìkan ló kù. Ọmọ bẹ̀ mí pé kí n má dà á nù, òun fẹ́ rí ọjọ́ tí wọ́n máa di ẹ̀fọn, kí òun wo ẹsẹ̀ wọn bóyá ó ní ìlẹ̀kẹ̀ funfun. Mo gé nẹ́ẹ̀tì lé ẹnu ìgò, mo fi rọ́bà dè é nígbà mẹ́ta. Ó ti gbé e sórí fèrèsé, ó sì ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ sínú ìwé.